Lógò tí mo yà fún tẹlifíṣọ̀n ìjọba, àti ohun tójú mi rí

Alẹ́ ọjọ́ tí lógò mi kọ́kọ́ jáde lórí afẹ́fẹ́, ilé àbúrò bàbá mi ni mo ti lọ wò ó, torí tẹlifíṣọ̀n tiwọn ló tóbi jù, èyí tó ní ikùn lẹ́yìn yẹn, tó jẹ́ pé ẹni méjì ló ń gbé e. Mo ti pe gbogbo ilé jọ, mo ní ẹ fara balẹ̀ o, iṣẹ́ ọwọ́ mi ló ń bọ̀ yìí. Àfi bó ṣe jáde tí lẹ́tà tó gbẹ̀yìn ti wọ abẹ́ férémù lọ, pupa tí mo fi yí i ká ń ṣàn kọjá ààlà bí ìgbà tí epo bá dà sáṣọ, àwọn ìlà tín-ín-rín tí mo fi odidi alẹ́ mẹ́ta fà wá ń gbọ̀n bí ẹni tí ibà ń ṣe. Kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀. Ọmọ wọn kékeré ló ní, "Bọ̀dá, ṣé bẹ́ẹ̀ náà lẹ ṣe fẹ́ kó rí?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

Irọ́ ni mo pa.

Ẹ jẹ́ n tètè sọ ọ́ pé mi ò ní dárúkọ sítéṣọ̀n yẹn. Ti ìjọba ìpínlẹ̀ ni, ilẹ̀ Yorùbá níbí náà ni, ìyẹn tó. Iṣẹ́ tí mo mọ̀ kó tó dìgbà yẹn ò ju káàdì ìgbéyàwó, bánà ṣọ́ọ̀ṣì àti pósítà olóṣèlú lọ, orí bébà ni gbogbo ẹ̀ ń parí sí. Ọ̀gá kan níbẹ̀ wá rí pósítà kan tí mo ṣe, wọ́n ní àwọn fẹ́ tún ojú iléeṣẹ́ àwọn ṣe, pé nǹkan tó bágbà mu làwọn ń fẹ́, kí n gbàgbé gbogbo ti tẹ́lẹ̀. Ìyẹn ò tiẹ̀ ni mí lára rárá, ohun téèyàn ò mọ̀ rí, báwo lá ṣe fẹ́ gbàgbé ẹ̀?

Ohun tó dé bá mi lálẹ́ ọjọ́ yẹn kì í ṣe àṣírí kankan, òpè ni mo jẹ́. Kọ̀ǹpútà máa ń fi gbogbo àwòrán hàn ẹ́ látigun dé igun, tẹlifíṣọ̀n ayé ìgbà yẹn kì í ṣe bẹ́ẹ̀, ó máa ń jẹ díẹ̀ lára etí àwòrán lọ sábẹ́ férémù, iye tó sì jẹ nílé tiwa lè má jẹ́ iye tó máa jẹ nílé ẹlòmíì. Ìdí nìyẹn táwọn tó mọṣẹ́ nígbà yẹn fi máa ń fi ìdá kan nínú mẹ́wàá sílẹ̀ lápá òsì, lápá ọ̀tún, lókè àti nísàlẹ̀, wọn ò ní kọ lẹ́tà kankan débẹ̀. Ìlà tó ń gbọ̀n wá ńkọ́? PAL, ìyẹn ètò tí tẹlifíṣọ̀n Nàìjíríà fi ń gbé àwòrán jáde nígbà yẹn, ìlà 625 ló fi ń ya àwòrán kan, àmọ́ kì í yà á lẹ́ẹ̀kan náà, ó máa kọ́kọ́ ya ìlà kìíní, ìkẹta, ìkarùn-ún lọ bẹ́ẹ̀ kó tó padà wá ya ìkejì àti ìkẹrin, ààbọ̀ àwòrán 50 ló ń yà láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Tí ìlà tó o fà bá wá tín-ín-rín débi pé orí ìlà kan ṣoṣo ló bọ́ sí, á wà, á lọ, á wà, á lọ, ojú á wá rí i bíi pé ó ń gbọ̀n. Ti pupa yẹn, àwọ̀ ò rí àyè púpọ̀ nínú ìgbì tó ń gbé àwòrán wá, ìmọ́lẹ̀ òun òkùnkùn ni wọ́n fún láyè gidi, àwọ̀ kàn ń tẹ̀ lé e lẹ́yìn bí ẹni tó mú búrọ́ọ̀ṣì ńlá dání ni, pupa ló sì burú jù nínú wọn. Èmi wá lọ mú pupa fi yí gbogbo ẹ̀ ká.

Kì í ṣe íntánẹ́ẹ̀tì ni mo ti kọ́ èyí o. Bàbá kan ni, wọ́n ti fẹ̀yìn tì, ọ̀rọ̀ owó ìfẹ̀yìntì ló gbé wọn wá sí sítéṣọ̀n lọ́jọ́ náà, wọ́n jókòó sórí bẹ́ǹṣì lẹ́nu ọ̀nà ọ́fíìsì akáwùńtì. Ẹnì kan bá nawọ́ sí mi pé ẹni tó ya nǹkan tuntun yẹn nìyí. Mo dọ̀bálẹ̀, mo ní ẹ káàsán sà.

Bàbá wò mí. "Ìwọ lo yà á?"

"Èmi ni sà."

"Ta lo bi léèrè kó o tó yà á?"

Mo dákẹ́. Wọ́n sún díẹ̀ lórí bẹ́ǹṣì, wọ́n ní, "Jókòó."

Àgódi ní Ìbàdàn ni Bàbá ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ní ọ̀dọ́langba, láyé WNTV, tẹlifíṣọ̀n ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn ọjọ́un, kí wọ́n tó wá bá wọn dá ẹ̀ka àwòrán sílẹ̀ ní sítéṣọ̀n tiwa. Nígbà tiwọn, kádíbọ́ọ̀dù dúdú ni wọ́n ń kọ lẹ́tà funfun sí, wọ́n á fi búrọ́ọ̀ṣì kọ ọ́, nígbà tó yá wọ́n ń lo Letraset, ìyẹn lẹ́tà tí wọ́n máa ń ha lẹ́yìn kó tó lẹ̀ mọ́ káàdì, wọ́n á gbé káàdì síwájú kámẹ́rà, ẹnì kan á dúró tì í, á máa yọ ọ́ níkọ̀ọ̀kan. Tí orúkọ òṣèré ogún bá wà níparí eré, káàdì lè tó ogún, ẹni tó ń yọ ọ́ ò sì gbọ́dọ̀ sín. Bàbá ní kò sẹ́ni tó jẹ́ dán an wò láàárín àwọn láti kọ lẹ́tà débi etí káàdì, pé lójú ẹ báyìí lọ̀gá máa fi ya káàdì yẹn sí méjì. Ohun tí mo fi ìtìjú kọ́ lójú gbogbo ẹbí, wọ́n ti mọ̀ ọ́n ṣáájú kí wọ́n tó bí mi, ẹni tó mọ̀ ọ́n sì wà láyé, ó ń wá síbẹ̀ lóṣooṣù lórí ọ̀rọ̀ owó ẹ̀, kò sẹ́ni tó rò ó pé ká bi í.

Látìgbà yẹn ni mo ti ń lọ sílé Bàbá ní Sátidé. Mo rò pé wọ́n á kọ́ mi níṣẹ́ ọwọ́, ìtàn ni wọ́n ń sọ, inú á sì máa bí mi lábẹ́lẹ̀ pé kí ló kan èmi nínú ìtàn, ṣebí lógò ni mo fẹ́ tún yà.

Pé WNTV bẹ̀rẹ̀ ní Ìbàdàn lọ́jọ́ 31 October 1959, pé ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn lábẹ́ Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ló dá a sílẹ̀, gbogbo wa la ti gbọ́ ìyẹn. Ohun tí mi ò mọ̀ ni pé ìjà ló bí i. Lọ́jọ́ 31 March 1953, Anthony Enahoro, ọmọ ẹgbẹ́ òṣèlú Action Group tí Awólọ́wọ̀ ń darí, dìde nílé aṣòfin l'Ékòó, ó dábàá pé kí Nàìjíríà gba ìjọba ara ẹ̀ lọ́dún 1956, àwọn aṣòfin Àríwá ò fara mọ́ ọn, ilé dàrú, àwọn Action Group fìbínú jáde. Macpherson tó jẹ́ gómìnà òyìnbó wá bọ́ sórí rédíò ìjọba, ó di ẹ̀bi ọ̀rọ̀ náà ru Action Group. Awólọ́wọ̀ ní ó dáa, kí wọ́n fún òun náà láyè lórí rédíò kan náà kóun fèsì. Wọ́n kọ̀ jálẹ̀. Òfin tuntun ọdún 1954 ló wá fún ẹkùn kọ̀ọ̀kan láǹfààní láti dá iléeṣẹ́ tiẹ̀ sílẹ̀, ni Ìwọ̀-Oòrùn bá wá iléeṣẹ́ òyìnbó kan tó ń jẹ́ Overseas Rediffusion mọ́ra, wọ́n jọ pawọ́ pọ̀ ṣe é. Ẹni tí wọ́n ò fún ní máíìkì ló lọ kọ́lé fún máíìkì tiẹ̀.

Ohun kan náà ló tún padà ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn ogún ọdún. Láàárín 1976 sí 1977 làwọn ológun kó gbogbo iléeṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n tó wà ní Nàìjíríà sábẹ́ ìjọba àpapọ̀, òfin ológun nọ́ńbà 24 ti ọdún 1977 ló sọ ọ́ di NTA, WNTV ọjọ́sí di NTV Ìbàdàn, kó tó di NTA Ìbàdàn. Nígbà tíjọba alágbádá dé ní 1979, ẹgbẹ́ òṣèlú NPN ló ń ṣèjọba àpapọ̀, àwọn ìpínlẹ̀ tí UPN, ẹgbẹ́ Awólọ́wọ̀, ń ṣèjọba ń kígbe pé NTA ò jẹ́ káwọn rí ọ̀rọ̀ sọ, òfin tuntun sì gbà pé ìpínlẹ̀ lè ní tiẹ̀, kíá làwọn náà bẹ̀rẹ̀ sí í dá tiwọn sílẹ̀, Èkó ní 1980, Ògùn ní 1981. Inú irú ìbínú yẹn náà ni sítéṣọ̀n wa ti jáde. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ rántí èyí, mo ń padà bọ̀ wá síbẹ̀.

Ibi tí ìtàn Bàbá ti wá kàn mí ni ọ̀rọ̀ àkọmọ̀nà, torí ọ̀gá ti ní kí n bá wọn wá èyí tuntun mọ́ lógò. WNTV ní "First in Africa", pé àwọn làkọ́kọ́ ní Áfíríkà. Nígbà tí Ìlà-Oòrùn dá tiwọn sílẹ̀ ní Enugu lọ́jọ́ 1 October 1960, ọjọ́ òmìnira gan-an, àwọn ní tàwọn ni "Second to None", pé àwọn kì í ṣe igbákejì ẹnikẹ́ni. Ẹ gbọ́ ìyẹn ná. Ọ̀rọ̀ ìyàálé òun ìyàwó ni! Ìyàálé ní òun lòun kọ́kọ́ délé, ìyàwó ní ó dáa, kóun náà rí ẹni tó máa fojú di òun. NTA wá dé, ó ní "You can't beat the reach", pé kò sẹ́ni tó lè dé ibi táwọn dé. Bàbá ní kí n wo mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kí n sọ èyí tó dárúkọ ẹni tó jókòó sílé tó ń wò ó. Mo wò ó títí, kò sí. Ọ̀kan ń sọ ọjọ́ ìbí ẹ̀, ọ̀kan ń fèsì fún ẹ̀gbọ́n ẹ̀, ọ̀kan ń ka iye òpó tó ní.

Mo bá wọn jiyàn díẹ̀ lórí ẹ̀kẹta yẹn o, torí àwa tá a dàgbà níbi tó jẹ́ pé ẹnì kan gbọ́dọ̀ wà níta tó ń yí ẹ́ríà tẹlifíṣọ̀n, tí ẹnì kan wà ní fèrèsé tó ń kígbe "ó ti wọlé, ó tún ti lọ, padà sẹ́yìn díẹ̀", a mọ̀ pé kí nǹkan tiẹ̀ dé ọ̀dọ̀ ẹni kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré. Bàbá rẹ́rìn-ín, wọ́n gbà fún mi.

Èyí tí wọn ò gbà ni ti "First in Africa". Èmi ni mo fà á, mo lọ wádìí, mo rí i pé iléeṣẹ́ kan ti ń gbé àwòrán jáde ní Casablanca ní Mòrókò ní 1954 bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò pẹ́ tó fi kógbá wọlé, àwọn Faransé sì ti bẹ̀rẹ̀ tẹlifíṣọ̀n ní Algeria ní 1956. Àwa làkọ́kọ́ nísàlẹ̀ aṣálẹ̀ Sàhárà, ìyẹn dájú, àmọ́ gbogbo Áfíríkà kọ́. Mo gbé e lọ bá Bàbá bí ọmọ tó yege ìdánwò. Bàbá bínú débi pé wọ́n ní kí n máa lọ, ọ̀sẹ̀ méjì ni mi ò fi lè débẹ̀. Nígbà tí mo padà lọ, wọ́n ní àwọn ti rò ó: "Ta ló ni ti Algeria? Ṣebí òyìnbó ló gbé e wá fún òyìnbó ẹgbẹ́ ẹ̀. Tiwa, ìjọba tá a fọwọ́ ara wa dìbò yàn ló ṣe é." Ọ̀rọ̀ Rediffusion wá sí mi lẹ́nu, mo gbé e mì, ọjọ́ Sátidé méjì ti tó ní pípàdánù. Àmọ́ nígbà tí mo délé, ọ̀rọ̀ "nọ́ńbà wáànù" tí ọ̀gá ní kí n fi sábẹ́ lógò, mo yọ ọ́ kúrò. Ohun téèyàn lè jókòó sí yàrá ẹ̀ kó fi fóònù já, kì í ṣe ohun tá a lè máa fi yangàn lójoojúmọ́.

Bàbá tún máa ń sọ pé kí n lọ bi àwọn tó wo WNTV nígbà yẹn pé kí ni wọ́n rántí. Mo bi wọ́n. Mo bi ìyá ìyá mi, mo bi àwọn ọ̀rẹ́ wọn ní ṣọ́ọ̀ṣì, kò sí ẹyọ ẹnì kan nínú wọn tó lè sọ bí lógò ṣe rí. Ojú Àníkẹ́ Agbájé-Williams tó kọ́kọ́ hàn níbẹ̀ ni wọ́n rántí, wọ́n rántí Baba Sálà, wọ́n rántí Dúró Ládipọ̀, wọ́n rántí ilé ẹni tó ní tẹlifíṣọ̀n ládùúgbò àti bí ìyàwó ẹ̀ ṣe máa ń lé àwọn ọmọ kúrò lójú fèrèsé. Ìyá àgbà ò tiẹ̀ pe NTA Ìbàdàn ní nǹkan míì rí ju "Dọ́bù-ẹ́ẹ̀nì" lọ, orúkọ tí ìjọba ti pa rẹ́ kí wọ́n tó bí mi.

Àṣìṣe mi tó burú jù ò sì wá sí nínú àwòrán rárá o. Sítéṣọ̀n yẹn, ìlù dùndún ni wọ́n fi ń ṣí i lágogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, òun náà ni wọ́n ń lù kí ìròyìn tó bẹ̀rẹ̀. Mo ní kò bágbà mu, ọ̀rẹ́ mi kan fi kíbọ́ọ̀dù ṣe nǹkan kan báyìí tó ń dún bíi ti sítéṣọ̀n òyìnbó, a gbé e síbẹ̀. Kò pé ọ̀sẹ̀ méjì, màmá kan nínú ọgbà wa bi mí pé ṣé wọ́n ti ti sítéṣọ̀n yẹn pa ni. Mo ní rárá o, màmá, ojoojúmọ́ ni wọ́n ń jáde. Wọ́n ní àwọn ò gbọ́ ọ mọ́. Mo wá rí i pé màmá yìí kì í wo tẹlifíṣọ̀n wọn, ẹ̀yìnkùlé níbi ìdáná ni wọ́n máa ń wà, tí wọ́n bá ti gbọ́ ìlù yẹn láti pálọ̀ wọ́n á mọ̀ pé ìròyìn ti yá, wọ́n á nuwọ́, wọ́n á wọlé. Mo ti ń yí àwọ̀ pupa padà sí búlúù, búlúù sí pupa láti oṣù mẹ́rin, ẹni tí mò ń ṣe é fún ò rí ọ̀kankan níbẹ̀, etí ló fi mọ̀ wọ́n.

Nígbà tí mo sọ ọ́ fún Bàbá, wọ́n rẹ́rìn-ín títí, wọ́n ní ṣé mo mọ ìlù tí rédíò ìjọba fi ń ṣílé láyé òyìnbó. Gángan ni, Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ní kó máa sọ, "This is the Nigerian Broadcasting Service", àmọ́ etí àwọn èèyàn wa ò gba ìyẹn, ohun tí wọ́n gbọ́ ni "Bólúbàdàn bá kú, ta ni yóò joyè?" Ẹ sì lù ú wò lẹ́nu, ó bá a mu.

Ọ̀gá gbà kí ìlù padà, torí kò ná wọn ní kọ́bọ̀. Mo tún lógò náà yà, mo mú un kúrò létí, mo jẹ́ kí ìlà ẹ̀ sanra, mo lé pupa jìnnà. Ti ọ̀dà ọkọ̀, gèètì, orí máíìkì, rìsíìtì, káàdì òṣìṣẹ́ ni kò tán bọ̀rọ̀. Owó lógò ò tó nǹkan kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti kíkun gbogbo ibi tí lógò wà, wọn ò sì fi ìyẹn sínú bọ́jẹ́ẹ̀tì. Fún bí ọdún kan, lógò mẹ́ta ló jọ wà níta lẹ́ẹ̀kan náà, ó sì lọ́jọ́ tí akọ̀ròyìn wa kan gbé ti àtijọ́ dání lórí máíìkì tí tuntun wà lókè igun tẹlifíṣọ̀n.

Mo ní mo máa padà wá sórí ọ̀rọ̀ kan. Nígbà tí gbogbo ẹ̀ wá dúró dáadáa, mo lọ jókòó sí ṣọ́ọ̀bù tí mo ti ń gẹrun, tẹlifíṣọ̀n wà ní títàn, lógò mi wà lókè lọ́hùn-ún, ó mọ́, kò gbọ̀n, inú mi ń dùn. Mo ní kí n dọ́gbọ́n bi bàbá tó ń gẹrun pé sítéṣọ̀n wo nìyí. Kò gbójú sókè. Ó ní, "Tẹlifíṣọ̀n gómìnà." Mo wo ìròyìn ọjọ́ náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, ogún ìṣẹ́jú nínú ẹ̀ gómìnà ń gé ríbọ́nù, gómìnà ń gbàlejò, ìyàwó gómìnà ń gbàlejò. Àwọn ẹgbẹ́ alátakò ti ń wá àyè lórí ẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́, kódà wọ́n lówó ìpolówó lọ́wọ́, wọn ò gbà á lọ́wọ́ wọn. Ilé tí wọ́n torí ẹni tí wọn ò fún ní máíìkì kọ́, òun ló wá ń fi máíìkì du ẹlòmíì yìí.

Mo gbójú gbóyà sọ ọ́ fún ọ̀gá. Mo ní sà, kò sí bí mo ṣe máa ya lógò yìí tí wọ́n á fi pè yín lórúkọ míì, ohun tó wà nísàlẹ̀ lógò ni wọ́n ń wò. Ọ̀gá ò bínú, wọ́n kàn wò mí pẹ̀lú àánú, wọ́n ní, "Lógò la gbé fún ẹ ṣe." Wọ́n san ìyókù owó mi lẹ́yìn oṣù márùn-ún.

Látìgbà yẹn, tí ẹnikẹ́ni bá pè mí pé kí n wá tún ojú iléeṣẹ́ rédíò tàbí tẹlifíṣọ̀n òun ṣe, mo kọ́kọ́ máa ń bi í pé aago mélòó lẹ̀ ń ṣí, ta ló ń ka ìròyìn yín, ta ni ẹ ò lè gbà láyè kó bá yín sọ̀rọ̀, ta ló sì mọ bí ti àtijọ́ ṣe jẹ́ tí mo lè lọ bá. Ẹni tó pè mí gbẹ̀yìn dáhùn méjì àkọ́kọ́, nígbà tó kan ẹ̀kẹta ó dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀, ó ní, "Bọ̀dá, lógò ni mo fẹ́ o." Mo ní kò burú, mo bi í àwọ̀ tó fẹ́. Ó ní pupa.